Ìlànà Pípé fún Ẹni Tó Fẹ́ Ṣí Ilé Oúnjẹ Gbogbo Éṣíà ní Ìkẹjà

O ti pinnu, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Owó ti wà nílẹ̀: o ta ilẹ̀ ìdílé tó wà ní Ìfàkọ̀, àwọn àbúrò rẹ ò sì tíì gbọ́. Ilé náà ti wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Opebi níbẹ̀, onílé sì ti gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ kó tó jẹ́ kí o wo inú rẹ̀. Ohun tó kù kò ju oúnjẹ lọ. Àwọn aláròká kan yóò bi ọ́ bóyá o ti dé Éṣíà rí. Sọ fún wọn pé o ti dé Dubai. Bí wọ́n bá ní Éṣíà náà ni Dubai wà, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí ìwọ alára kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí o sì fi kún ìpolówó.

Mú bírò. Ohun tí mo bá ní kí o ṣe ni kí o ṣe, má fo ìkankan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Sọ Éṣíà di àdúgbò kan

Orílẹ̀-èdè tó wà ní Éṣíà sún mọ́ 50, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì ju ìdajì gbogbo ènìyàn ayé lọ. Èyí ti pọ̀ jù fún ìwé oúnjẹ olójú méjì, nítorí náà dín in kù. Ṣáínà nìkan ń ka ẹ̀ka ìdáná ńlá 8 fún ara rẹ̀: Sichuan tí ata rẹ̀ ń mú kí ètè kú, Guangdong tí wọ́n ti ń fi ooru omi se ẹja kí adùn ẹja fúnra rẹ̀ lè jáde, Shandong, Hunan, Fujian, Jiangsu, Zhejiang àti Anhui. Kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan, kí o pè é ní Chinese. Ṣe Íńdíà náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Kerala ń fi wàrà àgbọn se ẹja. Àwọn ará Punjab ń lẹ búrẹ́dì mọ́ ara ògiri ààrò amọ̀ kó lè jinná. Ọ̀kan ni wọ́n.

Ìwọ tí o lè jà ní gbangba bí ẹnì kan bá pe ìkọ́kọrẹ́ ní àsáró, fi ọkàn balẹ̀. Oúnjẹ tiwa nìkan ni òfin yẹn kàn.

Lẹ́yìn náà, ṣe ọ̀ṣọ́. Ra ológbò aláwọ̀ wúrà tó ń juwọ́ sí ènìyàn, èyí tó jẹ́ ti Jàpáànù, gbé e síwájú àwòrán Taj Mahal, kí o sì fi àtùpà pupa ti Ṣáínà kọ́ sókè orí àwọn méjèèjì. Kọ orúkọ ilé náà gàdàgbà síta: Bangkok Tokyo Mumbai Palace. Bí àyè bá ṣì kù lára pátákó, má fi ṣòfò. Fi Beijing kún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: Yọ gbogbo oúnjẹ Éṣíà tí Agége ti ń jẹ kúrò

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí náà fara balẹ̀. Òfin rẹ̀ kò le: oúnjẹ Éṣíà èyíkéyìí tí ọmọ Agége bá lè rà láìsọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kì í ṣe oúnjẹ Éṣíà mọ́.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣàwámà. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Lẹ́bánónì àti àwọn aládùúgbò wọn ló ti dé ọ̀dọ̀ wa, Éṣíà gan-an ni. Lọ́hùn-ún, wọ́n á to ẹran jọ gègèrè sára irin gígùn kan, irin náà á máa yí níwájú iná, ọ̀bẹ á sì máa ré e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bọ́ sínú búrẹ́dì. Nígbà tó dé Èkó, a ki sọ́sééjì bọ̀ ọ́ nínú, ìbéèrè tó kù sì ni bóyá ọ̀kan lo fẹ́ tàbí méjì. Kò sí alẹ́ tí wọn kì í tà á ní Allen. Yọ ọ́. Àwọn ará Lẹ́bánónì ti pẹ́ jù láàárín wa. Àwọn bàbá wa ti ń pè wọ́n ní Kórà kí Allen tó di òpópónà. Ẹni tó bá ti mọ Èkó tó bẹ́ẹ̀ kò lè tún jẹ́ àlejò láti Éṣíà.

Yọ samósà. Láti ìhà Páṣíà ló ti rìn dé Íńdíà, Íńdíà sì fi ọ̀dùnkún àti ata kún inú rẹ̀. Àmọ́ kò sí òkú àgbà tí wọ́n ń sin ní Ìfàkọ̀-Ìjàyè tí samósà kì í sí nínú ike small chops. Yọ spring roll ti Ṣáínà pẹ̀lú rẹ̀, torí inú ike kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ìwọ̀nba puff-puff àti mósà ló là wọ́n láàárín.

Yọ Indomie. Èyí gba àlàyé. Momofuku Ando, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Taiwan, ló kọ́kọ́ ṣe núdù alómi-gbóná yìí fún títà, ní Jàpáànù, ní ọdún 1958. Ó dín núdù nínú òróró títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ tán, kó lè rọ̀ padà nígbà tí omi gbígbóná bá kàn án. Àwọn ará Indonéṣíà ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní Indomie. Ilé-iṣẹ́ Tolaram, tí ará Íńdíà kan dá sílẹ̀ ní Indonéṣíà ní 1948, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Síńgápọ̀ lónìí, ló kó o wọ Nàìjíríà ní 1988. Nígbà náà, àwọn kan rò pé ekòló ni wọ́n ń tà fún wọn. Ní 1995, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Ọ̀tà níbí. Lónìí, ọmọ tí kò tíì lè pe orúkọ bàbá rẹ̀ ti lè pe Indomie. Ní 2024, Tolaram yìí kan náà ra ìpín tó pọ̀ jù lọ nínú Guinness Nigeria, pẹ̀lú ilé ọtí tó ti wà ní Ọba Akran láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Bí o bá mu sítáòtù lálẹ́, tí o sì jẹ núdù láàárọ̀, ilé kan náà lo sanwó fún. Èyí fi hàn pé Éṣíà yẹn ti sún mọ́ ọ jù. Kò ní ọlá kankan. Yọ ọ́.

Ajinomoto ńkọ́? Yọ ọ́ kúrò nínú ìwé oúnjẹ, má yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò. Kikunae Ikeda, onímọ̀ kẹ́míkà ní Tokyo, ló fà á jáde lára ewé òkun kan tí wọ́n ń pè ní kombu ní 1908, lẹ́yìn tí ó ti ń rò ó pé kí ló ń mú omi ọbẹ̀ yẹn dùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta ọbẹ̀ ní Agége mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa, wọn kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Yọ tíì. Ewé Ṣáínà ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mai shai, onítíì ẹ̀bá ọ̀nà, ló wà. Mai shai kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì rẹ, tòun ti bẹ́ǹṣì gígùn kan, sítóòfù, pákó ẹyin àti páálí Indomie tó tò sókè dé àyà rẹ̀. Ní kó sún síwájú díẹ̀, kó má ba ojú ilé jẹ́. Má jẹ́ kó jìnnà púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Se ọbẹ̀ kan, sọ ọ́ ní orúkọ mẹ́fà

Ra kọ́rì. Èyí tó wà nínú ike yẹn náà ni, tí ìyá rẹ fi ń rẹ adìyẹ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lórí Íńdíà ló pò ó pọ̀ sójú kan kí wọ́n lè gbé e lọ sílé. Ní Íńdíà fúnra rẹ̀, ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní èròjà tirẹ̀, wọ́n á yan án, wọ́n á lọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Jàpáànù ti gba kọ́rì, ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ni a ti gba tiwa, tí a fi táìmù kún un. Nítorí náà, o ní ẹ̀tọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn.

Gbé agbada tó tóbi jù lọ ka iná. Dín àlùbọ́sà, da kọ́rì sí i, da táìmù sí i, fọ́ Maggi sí i, fi omi adìyẹ dá a, jẹ́ kó ki. Pín in sí ìkòkò mẹ́fà. Bu wàrà àgbọn sí ìkínní: Táílàǹdì. Bu ṣúgà àti kẹ́ṣọ́ọ̀pù sí ìkejì: Ṣáínà. Da soy sauce sí ìkẹta títí yóò fi dúdú: Jàpáànù. Ro ẹ̀pà sí ìkẹrin: Indonéṣíà. Gún ata rodo méje sí ìkarùn-ún: Sichuan. Má fi nǹkan kan sí ìkẹfà: Íńdíà.

Èyí tó jóná mọ́ ìdí agbada, há a jáde, kí o pè é ní Fusion. Ìlọ́po méjì ni kí o tà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Gba ọwọ́ lọ́wọ́ oníbàárà

Ẹni tó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń jẹ àmàlà láti kékeré wọ ilé oúnjẹ rẹ gbọ́dọ̀ gbé e jáde ní mímọ́. Fún gbogbo wọn ní igi méjì méjì. Òótọ́ ni pé àwọn ará Ṣáínà, Jàpáànù, Kòríà àti Vietnam ló ń fi igi jẹun. Ará Táílàǹdì ń fi ṣíbí jẹun ní tirẹ̀, fọ́ọ̀kì ọwọ́ òsì á máa ti oúnjẹ sínú ṣíbí náà, àfi bí núdù bá dé ni wọ́n tó ń mú igi. Ní Íńdíà, Pakísítánì, Bangladẹ́ṣì àti Sri Lanka, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun: wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi orí ìka ró ìrẹsì pọ̀ mọ́ ọbẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò tì í sẹ́nu, òsì kò sì gbọdọ̀ bọ àwo. Bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ náà ni. Má jẹ́ kí èyí dí ọ lọ́wọ́. Bíríyánì: igi. Rótì: igi. Omi ọbẹ̀ lásán: igi, kí wọ́n ní sùúrù.

Bí Alhaji kan láti Agége bá ká apá agbádá rẹ̀, tó na ọwọ́ sí bíríyánì, kí agbóúnjẹ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó kúnlẹ̀, kó ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, a kì í fi ọwọ́ jẹ oúnjẹ Íńdíà." Bí ará Íńdíà gidi bá jókòó sí tábìlì kejì, tí ìka rẹ̀ márààrún wà nínú bíríyánì tirẹ̀, gbé òdòdó oníke kan sáàárín tábìlì méjèèjì.

Má ná owó lórí igi. Lọ sí Oko-Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, àwọn onísúyà tó wà láyìíká yóò fi igi súyà lé ọ lọ́wọ́ ní ìdì-ìdì. Ré ẹnu ṣóńṣó rẹ̀ kúrò. Bí àyè kò bá sí fún ìyẹn, fi ẹnu ṣóńṣó sílẹ̀, kí o kọ ọ́ sára ògiri pé àṣà Kòríà ni. Irin ni àwọn ará Kòríà ń lò, ṣùgbọ́n irin wọ́n.

Kí oúnjẹ tó kúrò ní ilé ìdáná, ri igi méjèèjì ṣánṣán sáàárín àwo ìrẹsì. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìrẹsì síwájú òkú ní Ṣáínà àti Jàpáànù nìyẹn. Gbogbo ará ibẹ̀ tó bá wọlé ni yóò dákẹ́ lọ gbáà lẹ́ẹ̀kan náà. Bóyá ọlá ni wọ́n ń bù fún ọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Kórìíra òórùn, kí o sì sanwó láti rà á

Bí alásè rẹ bá kó irú wọlé, lé e. Òórùn irú á wọ aṣọ tábìlì, àwọn oníbàárà yóò sì rántí ilé wọn. Ohun tí wọ́n wá torí rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí o bá lé e tán, ránṣẹ́ sí Jàpáànù kí wọ́n fi nattō ránṣẹ́ nínú yìnyín nípasẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀wà sóyà ni nattō. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sè é rọ̀, wọ́n á bò ó sínú ooru kó lè sín, títí yóò fi máa fà bí ilá, tí òórùn rẹ̀ yóò sì ṣáájú rẹ̀ dé tábìlì. Wọ́n máa ń fi jẹ ìrẹsì láàárọ̀. Irú náà, wọ́n á se kóró igi irúgbá pẹ́, wọ́n á gún un bó, wọ́n á tún un sè, wọ́n á bò ó kó sín. Àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ohun abẹ̀mí kékeré kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Èyí kò kàn ọ́. Kọ́ àwọn agbóúnjẹ rẹ ní ọ̀rọ̀ tó yẹ: irú ń rùn, nattō jinlẹ̀. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lójoojúmọ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ohun kan náà ni fún omi ẹja àwọn ará Vietnam, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ iyọ̀ nínú àgbá fún ọ̀pọ̀ oṣù títí tó fi ro omi. Fi ọwọ́ bo imú nígbà tí o bá ń kọjá níwájú àwọn tó ń sá ẹja gbígbẹ ní ọjà, kí o sì fi ọwọ́ kan náà kọ sọ́wédowó fún ìgò tirẹ̀.

Ó ku ata Sichuan. Kì í ta bí ata. Ńṣe ló ń mú kí ètè àti ahọ́n máa gbọ̀n, kí wọ́n sì kú tìpẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wọkọ̀ òfuurufú lọ tọ́ ọ wò. Zanthoxylum ni àwọn onímọ̀ igi ń pe ìdílé rẹ̀. Nínú ìdílé yẹn kan náà ni orin ata wà, pákò tí àwọn ìyá arúgbó ń tà lórí àtẹ ní Agége, tí bàbá rẹ fi ń rin ẹnu kó tó kí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ṣe báyìí: ní àárọ̀ ọjọ́ tí o fẹ́ lọ gba ẹrù ata Sichuan rẹ ní pápákọ̀ òfuurufú, fi orin ata rin ẹnu gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ. Jẹ́ kí ahọ́n rẹ kú. Tutọ́. Sọ pákò nù. Wọ bàtà, lọ san owó kọ́sítọ́ọ̀mù.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ata fúnra rẹ̀, ti Táílàǹdì, ti Íńdíà, ti Sichuan àti ata rodo ọjà Ìpodo, Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, pé àwọn ọkọ̀ ojú omi Potogí ló pín wọn kiri ayé lẹ́yìn ọdún 1492, ní kó sanwó oúnjẹ rẹ̀ kó máa lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìrẹsì

Ra àpò "ìrẹsì Táílàǹdì." Àwọn ará Táílàǹdì kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ irú rẹ̀, àwa ni wọ́n ń bọ̀ ọ́ fún kí wọ́n tó bó o, kó má baà lẹ̀ mọ́ra wọn. Fún Chinese fried rice, àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn ìrẹsì àná, tó ti tutù, tó ti gbẹ, torí ìyẹn ni kì í lẹ̀ nínú agbada. Nítorí náà, da ìrẹsì àná nù láràárọ̀, kí o se tuntun. Fi kọ́rì sí i kó pọ́n. Fi ẹ̀dọ̀ màlúù sí i. Kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tí ará Ṣáínà lè dá mọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹja tútù

Gbogbo ẹni tó bá dé sùúṣì lórí ìwé oúnjẹ rẹ yóò ya fọ́tò rẹ̀, nítorí náà o kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹja Títù ni kí o lò. Jàpáànù náà ń lo ẹbí rẹ̀, wọ́n ń pè é ní saba, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ fi iyọ̀ pa á lára, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú fínígà, ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n sì ń jẹ ní tútù ti wà nínú òtútù líle tẹ́lẹ̀ kí aràn inú rẹ̀ lè kú. Alásè sùúṣì á fi ọdún púpọ̀ kọ́ṣẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tó fún un lọ́bẹ. Ìwọ ní títí di ọjọ́ Sátidé.

Ra ẹja náà ní ilé yìnyín ní Agége ní aago méje àárọ̀. Gbé e sí ẹsẹ̀ rẹ nínú dáńfó. Ní Pen Cinema, wọ́n ti ṣí afárá tó gba orí ibẹ̀ ní 2021, nítorí náà ẹja rẹ kò ní pẹ́ nínú oòrùn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí o bá délé, sọ ọ́ sínú fíríìjì. O wà ní Band A, wọ́n sì ti ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún ọ. Wákàtí mẹ́rin yòókù ni ẹja yóò fi ronú. Yíyọ́ àti dídì, yíyọ́ àti dídì, ló ń jẹ́ kí ẹran ara rẹ̀ rọ̀. Má tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹja. Àwọn oníbàárà tó ń lo afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ ni dísẹ́ẹ̀lì wà fún.

Bí o kò bá rí ewé òkun rà, fi ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín wé e. Bí wọ́n bá bi ọ́ bóyá wọ́n máa jẹ ewé náà, sọ pé ọwọ́ oníkálukú ló wà. Wasabi? Èyí tí ọ̀pọ̀ ń jẹ káàkiri ayé, ní Jàpáànù pàápàá, gbòǹgbò mìíràn tí wọ́n pa láró ni. O kò gbọdọ̀ bẹ̀rù èké nígbà náà. Lọ ata rodo tútù pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́.

Wá àyè sílẹ̀ níwájú ilé fún ọkọ̀ áńbúláǹsì, àyè tó gbòòrò, tó lè yí padà. Ilé ìwòsàn LASUTH kò jìnnà. Ìdí rèé tí a fi yan Ìkẹjà dípò Ẹ̀pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Àwọn òṣìṣẹ́

Ní kí télọ̀ fi aṣọ ẹbí tó ṣẹ́kù rán kimono fún àwọn ọmọbìnrin. Apá òsì ló yẹ kó bo apá ọ̀tún. Òkú nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún ní ìdàkejì. Télọ̀ rẹ yóò ṣe é ní ìdàkejì. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bá ìrẹsì tí a ri igi sí mu.

Kí wọ́n máa kí gbogbo ẹni tó bá ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́ ní "Konnichiwa." Bí ará Kòríà bá wọlé, ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ gbé lábẹ́ ìjọba Jàpáànù láàárín 1910 sí 1945, kí wọ́n kí i ní ohùn òkè. Bí kò bá dáhùn, kò gbọ́ ni. Kí wọ́n tún un kí.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí ará Éṣíà gidi bá wọlé

Èyí yóò ṣẹlẹ̀, torí Ìkẹjà kún fún wọn: àwọn ẹlẹ́rọ, olùṣirò owó, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, láti Àgídìngbì títí dé Ọ̀gbà, níbi tí òpópónà kan ti ń jẹ́ orúkọ Wempco, ilé-iṣẹ́ tí ìdílé ará Ṣáínà kan dá sílẹ̀. Ebi ilé ń pa wọ́n, wọ́n sì rí pátákó rẹ. Má fòyà.

Ará Íńdíà kan yóò ní òun kì í jẹ ẹran. Sọ fún un pé adìyẹ ni. Òmíràn yóò ní òun ń jẹ adìyẹ, màlúù ni òun kì í fẹnu kàn. Ẹlẹ́sìn Jain yóò yọ àlùbọ́sà àti aáyù kúrò. Ará Pakísítánì yóò bi ọ́ bóyá hàláálì ni. Dídá oúnjẹ sè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ gáàsì. Kó màlúù Oko-Ọba, ẹlẹ́dẹ̀, àlùbọ́sà àti aáyù sínú àwo ńlá kan, gbé e sáàárín wọn, kí o pè é ní Àwo Ìrẹ́pọ̀. Íńdíà àti Pakísítánì kì í fi bẹ́ẹ̀ fohùn ṣọ̀kan. Lórí àwo yìí, wọ́n á fohùn ṣọ̀kan.

Ará Ṣáínà tó bá tọ́ ìrẹsì rẹ wò, tó wá ní àwọn kì í se é báyìí nílé, má bá a jiyàn. Fi ọwọ́ lé e léjìká. Sọ pé, "Ọ̀gá mi, ẹ ti pẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ ti gbàgbé ni." Bí ó bá ní oṣù tó kọjá ni òun dé, gbé ológbò tó ń juwọ́ yẹn wá fún un kó máa wò ó.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ramen

Ìgbà kan ń bọ̀, bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí oníbàárà kan tó ti dé Tokyo rí yóò béèrè fún ramen. Wọ́n máa ń se omi egungun ramen fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìwọ kò ní egungun, kò sí gáàsì mọ́, alásè sì ti lọ torí o kò tíì san owó oṣù tó kọjá. Rẹ́rìn-ín. Sọ fún oníbàárà pé yóò pẹ́ díẹ̀, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa núdù ọ̀hún. Kọ ẹgbẹ̀rún 18 náírà sí rìsíìtì.

Rán ọmọ kan jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, kó gbé abọ́ amọ̀ dúdú dání lábẹ́ aṣọ. Kó tọ Mallam, mai shai ẹ̀gbẹ́ géètì yẹn, lọ. Kó sọ pé, "Mallam, ẹ kú iṣẹ́ o. Indomie méjì, ẹyin kan, omi kó pọ̀. Ẹ má fi búrẹ́dì sí i." Bí Mallam bá ní kó fi abọ́ tirẹ̀ gbé e, kó kọ̀, abọ́ Mallam ní àwòrán Mẹ́kà lára. Bí ó bá bá àwọn ará Ṣáínà ọjọ́sí lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, tí wọ́n ti ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, tí ẹyin díndín àti núdù ń gbé èéfín níwájú wọn, kó kí wọn ní "Konnichiwa," kó sì dúró sẹ́yìn wọn lórí ìlà.